Ẹkùn Ìdúmọ̀tà Tó Ń Kúnlẹ̀ Kí Gbogbo Ènìyàn

Kúdírátù mi, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Àkànní,

Òní ló pé ọjọ́ mọ́kànlélógójì tí o gbé báàgì rẹ wọ ọkọ̀ Kánò, tí o yọ orí síta lójú fèrèsé, tí o ní, "Màámi, ẹ má sunkún o." N kò sunkún. Ọkọ̀ yẹn ló kọ̀ tí kò gbéra. A dágbére tán, a tún dágbére, nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí, mo bá ṣe bí ẹni tó fẹ́ ra búrẹ́dì.

O máa ń pè mí dáadáa, Ọlọ́run yóò pè ọ́ sí rere. "Ṣé ẹ ti jẹun? Ṣé ẹ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín? Ta ló bá yín gbé omi gòkè?" Bí mo bá wá ní, "Ìwọ ńkọ́?" wàá ní, "Mo wà pa, Màámi," nẹ́tíwọ̀kì á sì gé lójú ẹsẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì Kánò gbọ́n púpọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ti aṣọ oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì mi, tí mo mú bírò. Lẹ́tà kì í gé.

Wọ́n ti fi ọ́ ṣe ọ̀gá lórí àwọn òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ bàtà yẹn, ní ìlú tí o kò ti mọ ẹnì kankan. Ó yẹ kí òbí sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ ni ìbá sọ ọ́, òun ló lẹ́nu. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ wa lẹ́yìn Ìtúnu Àwẹ̀, kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ, ó wá ku èmi tí mo kàwé dé kíláàsì kẹta kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Gbà á bẹ́ẹ̀.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ohun kan wà tí o ní kí n ṣe tí n kò ṣe. Ní gáréèjì lọ́jọ́ yẹn, o ní, "Màámi, ẹ bá mi pa géèmù yẹn rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà Bàámi. Mi ò fẹ́ rí i mọ́." Mo ní mo gbọ́. N kò sọ pé màá ṣe é.

Géèmù tí ìwọ àti bàbá rẹ jọ ń ta lórí ayélujára ní gbogbo ọjọ́ Àìkú tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bá wà ní títì ni mò ń wí. Òun wà lórí kọ̀ǹpútà ní pálọ̀, ìwọ wà lórí tìrẹ ní yàrá, ẹ ó fi ẹ̀rọ bo etí láti máa gbọ́ ara yín, ẹ ó sì tún máa pariwo láti yàrá sí pálọ̀. Èmi á máa gé aṣọ, n óò máa wò yín. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ nígbà náà kò ju pé ẹ̀ ń fi iná ṣòfò. Ó sì ti yé mi wàyí: ẹnì kọ̀ọ̀kan á dá ènìyàn kan sílẹ̀, á fún un lórúkọ, á máa gbé e rìn nínú ayé kan tó ní igbó, odò, ọjà àti ìwin, àwọn ẹlòmíràn láti ibòmíràn á gbé tiwọn wá, wọn yóò dẹgbẹ́, wọn yóò jọ jà. Bàbá rẹ sọ tirẹ̀ ní Ẹkùn Ìdúmọ̀tà. Ìwọ sọ tìrẹ ní Ìyá Àgbo, nítorí pé ìwọ lò ń tẹ̀ lé gbogbo wọn lẹ́yìn, tí ò ń fún ẹni tó bá fara gbọgbẹ́ ní oògùn.

Mo fẹ́ pa á rẹ́, ní òdodo. Ní Jímọ̀ọ̀ tó tẹ̀ lé ìrìn àjò rẹ, mo kírun tán, mo tan kọ̀ǹpútà. Bí mo ṣe ṣí i, Ẹkùn Ìdúmọ̀tà ni mo rí tó dúró gbagidi níwájú ilé tí bàbá rẹ kọ́ síbẹ̀. O rántí ilé náà: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí orí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bíi ti àwọn ilé àtijọ́ Pópó Àgùdà. Ó ní ẹ̀gbẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí òun sí, àti pé bí òun kò bá lè kọ́ ọ sáyé, òun á kọ́ ọ sínú géèmù. Fìtílà kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti kú. Wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé onílé yìí kò wá mọ́, bí fìtílà rẹ̀ kò bá tàn kí oṣù tó parí, àwọn yóò wó ilé náà, ẹlòmíràn yóò sì gba ilẹ̀ rẹ̀.

Kúdí, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí. Mo ti rí ọ̀dà pupa lára ògiri àwọn ẹbí mi. Kò sí ẹni tí wọ́n bí ní àdúgbò yìí tó máa rí àkọlé pé wọ́n fẹ́ wó ilé, kí ó wá padà lọ gbé omi kaná. Mo ká apá aṣọ mi. Mo ní, "Ilé ta ni? Ẹ̀yin ta?"

N kò sì mọ ohun tí mò ń tẹ̀. Mo tẹ èyí, Ẹkùn fò. Mo tẹ tọ̀hún, Ẹkùn bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ibi tó ti ń jó lọ́wọ́ tí n kò mọ bí mo ṣe lè dá a dúró ni àwọn méjì yọ láti ẹ̀yìn ilé. Ọ̀kan jẹ́ arúgbó tí irùngbọ̀n funfun rẹ̀ kan ìdodo, wọ́n kọ Bàbá Arúgbó sórí rẹ̀. Èkejì mú idà méjì dání, Ọ̀bẹ Mímú lorúkọ tirẹ̀. Mo ti fi ẹ̀rọ bàbá rẹ bo etí, ariwo sì sọ nínú rẹ̀.

"Àúsù bílláhì! Ẹkùn rèé o!"

"Ẹkùn wo?"

"Ẹkùn wa! Ẹkùn tí wọ́n ti sin! Ó ń jó!"

"Yéè, àkúdàáyà! Má dá a lóhùn o, bí o bá dá a lóhùn o ti lọ nìyẹn!"

Ọ̀bẹ Mímú, pẹ̀lú idà méjì lọ́wọ́, ló kọ́kọ́ sá.

Èmi ń wá bọ̀tìnì ìkúnlẹ̀ ní tèmi, n kò lè bá arúgbó sọ̀rọ̀ lórí ìdúró. Mo rí i. Ẹkùn Ìdúmọ̀tà kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú irùngbọ̀n yẹn. Mo ní, "Ẹ káàsán sà. Ẹ má bínú sà, ta ni baálé níbí? Wọ́n fẹ́ wó ilé ọkọ mi."

Ohùn ọmọbìnrin kan jáde láti inú irùngbọ̀n náà. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ̀ ń gé ẹ̀mí mi kúrú! Bọ́láńlé ni mí, onídìrí ni mí l'Ábẹ́òkúta. Mi ò tíì lọ́kọ pàápàá."

Ọ̀bẹ Mímú ti ń yọ́ padà bọ̀. "Ṣebí mo sọ pé kì í ṣe Ẹkùn?"

"O sọ ọ́ nígbà wo? Ìwọ tó o sá!"

"Mo sá ni, mo sì ń ronú. Ẹkùn kì í kí ènìyàn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kí mi rí, ó fẹ́ yá idà mi ni. Àti pé ọkùnrin wo ló ń kúnlẹ̀? Ṣé Ẹkùn kò mọ ìdọ̀bálẹ̀ ni? Ìyàwó rẹ̀ nìyí. Màmá, ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn o. Ọlọ́run yóò tẹ́ Àlùjánnà fún wọn."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, n kò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín parí tí ẹkún bẹ̀rẹ̀. Ara ọkọ mi ni mo gbé wọ̀, orúkọ rẹ̀ ló wà lórí mi, ìwà mi ló jáde. Bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀ náà ṣe jáde nígbà ayé rẹ̀. Ẹni tó máa ń sọdá títì Ìdúmọ̀tà láìwo ọ̀tún, láìwo òsì, tó jẹ́ pé ìgbà tó bá gbé ọjà sápá tán ló ń béèrè pé èló ni, ṣé ó máa wẹ̀yìn wò kí ó tó kojú ìwin? Òun ló máa ń kọ́kọ́ ṣubú. Bó bá sì ti ṣubú: "Kúdí! Oògùn o! Mo kú o!" Títì ìsàlẹ̀ ń gbọ́ ọ.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ nìyí, olólùfẹ́ mi: ọ̀gá tí wọ́n fi ọ́ jẹ yẹn, aṣọ ni. Má yá ojú líle ẹlòmíràn wọ̀ ọ́, wọn yóò dá ọ mọ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ìwọ tí mo mọ̀, ọmọ tó ń kí ènìyàn ni. Lọ máa kí wọn. Àwọn bàbá tí ọjọ́ orí wọn ju tìrẹ lọ wà lábẹ́ rẹ, mo gbọ́. Kí wọn kí wọ́n tó kí ọ, kọ́ ìkíni Hausa kún un, lẹ́yìn náà kí o wá bá wọn sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ìkúnlẹ̀ kò bọ́ ipò lọ́rùn ẹnikẹ́ni.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì jẹ mọ́ ẹrù. Nínú géèmù yẹn, ohun tó bá ti wà nílẹ̀, èmi ń ṣà á. Òkúta, ìyẹ́ ẹyẹ, bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó di ọjọ́ kan, Ẹkùn kò lè gbé ẹsẹ̀ mọ́. Bọ́láńlé tú àpò mi wò, ó ní, "Màmá, kí lẹ fẹ́ fi gbogbo àwo onígi wọ̀nyí ṣe?" Mo ní ta ló mọ̀, àlejò lè dé. Ó ní, "Àlejò wo, nínú igbó?" O ti ń rẹ́rìn-ín, mo mọ̀. Ìwọ náà ti ṣí abọ́ áìsìkiriìmù nínú fíríìjì mi rí tí o bá ẹ̀gúsí pàdé.

Ṣùgbọ́n ẹrù mìíràn wà tí kì í ṣe abọ́. Nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun nínú agboolé bàbá rẹ, ìyá rẹ̀ tọ́ ọbẹ̀ mi wò, ó ní, "Ìyàwó, ṣé a ó jẹ èyí ni tàbí a ó fi ṣanwọ́?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn pọ̀n títí o fi bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Bí ìyá bá ní káàárọ̀, omi ìṣanwọ́ ni mò ń gbọ́. Ọjọ́ tí mo wá rójú sọ ọ́ fún un, ó lajú sí mi, ó ní, "Èmi? Ọbẹ̀ rẹ tí mo máa ń bù lẹ́ẹ̀mejì?" Kò rántí rárá. Èmi nìkan ni mo ti ń gbé e láti ọjọ́ yìí wá, ọrùn sì ti ń wọ̀ mí. Ohun tí wọ́n bá sọ sí ọ níbi iṣẹ́, yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó délé. Èyí tó wúlò, mú un. Ìyókù, dà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà, àlejò kankan kò ní wá jẹ ẹ́.

Ó yẹ kí n sọ ti Ọ̀bẹ Mímú, nítorí òun ló fẹ́ ba ọ̀rọ̀ mi jẹ́. Ṣé o mọ̀ pé ùstáàsì ni? Àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́ ní Kùránì ní Ìlọrin. Wọ́n da yíǹkì sí jalámíà rẹ̀, ó ní kò burú. Wọ́n fi bàtà rẹ̀ ṣeré, ó ní kò burú. Tó bá wá dénú géèmù, gbogbo kò burú tó ti sọ láti Ọjọ́ Ajé, orí àwọn ìwin ló máa ń dà á lé. Ẹni tó bá gbọ́ igbe rẹ̀ níbẹ̀ kò ní fi adìyẹ tì í, ká má tilẹ̀ sọ ọmọ. Mo ní, háà, ìwà tí mo ní ó máa ń jáde yìí, ti bọ̀ọ̀dá yìí ńkọ́? Mo wá ń ṣọ́ ọ. Lẹ́yìn ìjà, tí wọ́n bá fẹ́ pín ohun tí wọ́n rí, idà á padà sínú àkọ̀, ohùn á rọlẹ̀, á ní, "Ẹ kọ́kọ́ mú, ẹ mú." Òun ló ń mú kẹ́yìn ní gbogbo ìgbà. Nítorí náà, má fi igbe mọ ènìyàn, má fi irùngbọ̀n mọ̀ ọ́n. Láàárín àwọn òṣìṣẹ́ rẹ, dúró di ìgbà tí wọ́n bá ń pín nǹkan, tàbí ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Ibẹ̀ ni ẹni gidi máa ń wà.

Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Kò ṣe nǹkan, èyí tó kù yìí gan-an ló mú mi kọ lẹ́tà.

Fìtílà ilé bàbá rẹ kò ní epo. Bọ́láńlé sọ fún mi pé lẹ́yìn afárá ni wọ́n ti ń rí i, ìwin olójú mẹ́ta kan ló sì ń ṣọ́ afárá. Oṣù ti ń parí lọ. Mo ní n kò ní da àwọn ọmọ ọlọ́mọ láàmú, olúkúlùkù ló níṣẹ́. Mo dá lọ. Kúdí, ìwin yẹn gbá mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo na gbalaja lórí afárá, ẹ̀mí Ẹkùn ń tán lọ, mo rí i bó ṣe ń tán, mo sì mọ̀ pé bó bá tán, ọ̀nà jíjìn ni n óò ti padà bẹ̀rẹ̀, wọn yóò sì ti wó ilé. Ni mo bá figbe ta.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará ọjà, ìwin ti pa mí o!"

Bọ́láńlé yọ. Ọ̀bẹ Mímú yọ, ó ń kígbe tirẹ̀. Àwọn tí n kò mọ̀ rí yọ láti inú igbó, àwọn tí ń sọ èdè tí n kò gbọ́, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, ó fún mi ní oògùn, ó sì sá wọ ìjà. Ibi tí ìjà ti gbóná ni ilẹ̀kùn pálọ̀ ti ṣí gbà. Ìyá Sàídì, aládùúgbò wa, ló wọlé pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́: "Olè dà? Ibo ló gbà?" Mo na ìka sí kọ̀ǹpútà. Ó wò ó títí. Ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, orí rẹ pé?" Ó wá fa àga, ó jókòó. "Èwo nínú wọn ni ìwin?"

A pa á. A gbé epo. Mo tan fìtílà náà kí oṣù tó parí, wọ́n sì ṣí ìwé wọn kúrò lára ilẹ̀kùn. Ilé bàbá rẹ dúró.

Nígbà tí a jókòó síwájú ilé náà tí gbogbo wa ń mí, Bọ́láńlé kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín igbe mi. Ó ní, "Màmá, Ìyá Àgbo kò pariwo bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà kan lórí afárá yẹn, oògùn kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ló fún. A sọdá tán, a wẹ̀yìn, ó ti ṣubú. A ò gbọ́ yéè lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ìgbà ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Mo bọ́ ẹ̀rọ létí. Mo rántí ọjọ́ tí a sin bàbá rẹ. Ta ló lọ pe àlùfáà? Ìwọ ni. Ta ló wá àga, tó gbé omi, tó pín sàárà fún gbogbo agboolé ní ọjọ́ kẹjọ, tó ń tọ́jú oògùn mi sínú àpò tirẹ̀? Èjìká rẹ ni mo gbé orí lé láti sunkún, n kò wo ojú ẹni tó ni èjìká. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, o gbé báàgì, o ní kí n má sunkún. Ta ló fún Ìyá Àgbo lóògùn? Ìyá rẹ ni mí, mo wà nítòsí, n kò gbọ́ yéè.

Ọmọ mi, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. O jọ mí níbi ìkíni, o sì dáa ju èmi àti bàbá rẹ lọ níbi ìtọ́jú ènìyàn, ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn igbe, jọ bàbá rẹ. Má jọ Kúdí. Bàbá rẹ pariwo "mo kú o" ní gbogbo ọjọ́ Àìkú fún ọdún mélòó, ṣé ìtìjú kan bá a? Inú rẹ máa ń dùn tó bá pè ọ́, mo máa ń gbọ́ ọ lóhùn rẹ. Jẹ́ kí inú ẹlòmíràn náà dùn. Bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, sọ fún wọn. Bí yàrá yẹn bá dá ọ lágara nírọ̀lẹ́, kan ilẹ̀kùn aládùúgbò. Bí ẹkún bàbá rẹ bá dé, má bì í sẹ́yìn. Pè mí, kí o ní, "Màámi, n kò wà pa." Kò ní pa mí. Oògùn wà lọ́wọ́ mi.

Wọn kò fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ nínú ẹgbẹ́. Tí a bá tò láti lọ jà, wọ́n máa ń fi àyè kan sílẹ̀ lẹ́yìn, èmi rò pé wọn kò mọ̀ ọ́n tò ni, àfi ìgbà tí ùstáàsì ní, "Màmá, ẹ má dúró síbẹ̀, àyè Ìyá Àgbo ni." N kò sọ pé kí o wá. Ìwọ nìkan lo mọ bó ṣe ń dùn ọ́ láti gbọ́ orúkọ Ẹkùn. Bó bá di ọdún tó ń bọ̀ kí o tó lè wò ó, kò burú. Bó bá sì jẹ́ ọ̀la, tí o wọlé tí o rí Ẹkùn kan tó ń kúnlẹ̀ kí tọmọdé tàgbà, má sá bíi ti Ọ̀bẹ Mímú. Èmi ni.

Ìyá Sàídì ń kí ọ. Ó ti ń wá ní gbogbo Jímọ̀ọ̀ báyìí, ó sì ń gbé ọmọ odó rẹ̀ dání.

Ní ti ilé bàbá rẹ, fi ọkàn balẹ̀. Ní gbogbo Jímọ̀ọ̀, bí mo bá ti kírun tán, n óò máa da epo sí fìtílà ẹnu ọ̀nà yẹn, n óò sì máa tàn án.

Èmi ni,
Màámi rẹ.